Ìkòkò ò fọ́, ọmọrí ló ṣí: bí General Motors ṣe sọ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù di oní-dísù

Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ládùúgbò wa n'Íbàdàn wọlé tọ̀ mí wá lọ́sàn-án Sátidé kan, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú fún epo. Ó ní ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tòkunbọ̀ kan wà nílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá òun, lítà 2.4, ó ti pẹ́ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rà á.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di oní-dísù. Ká yọ púlọ́ọ̀gì, ká ki nọ́súlù bọ ojú ihò rẹ̀, ká wá pọ́ǹpù so mọ́ ọn. Ṣebí epo náà ni.”

“Ta ló máa rà á tó o bá ṣe é tán?”

“Kì í ṣe fún títà, sà. Mo kàn fẹ́ rí i kó ṣiṣẹ́ ni.”

Ìdáhùn yẹn ni ò jẹ́ kí n lé e jáde. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nǹkan torí kó ṣáà lè rí i kó ṣiṣẹ́, ọmọ ilé wa ni. Mo fa àga fún un, mo sì sọ ìtàn ilé-iṣẹ́ kan fún un, tó lówó bí iyanrìn, tó ní onímọ̀ ẹ̀rọ rẹpẹtẹ, tó sì dáwọ́ lé irú iṣẹ́ yìí ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí gùn ju èyí tí mo sọ fún un lọ, torí mo ti padà lọ ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà ni General Motors ti Amẹ́ríkà. Ẹ̀ka rẹ̀ tó ṣe iṣẹ́ náà ni Oldsmobile, tó fìdí kalẹ̀ sí Lansing ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ní 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń ta epo sọ pé àwọn ò ta fún Amẹ́ríkà mọ́, ọkọ̀ sì tò lọ súà níwájú ilé epo, irú èyí tí kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nílé níbí. Ní 1975, ìjọba wọn ṣe òfin: máìlì tí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fi gálọ́ọ̀nù kan rìn, tí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a pín in dọ́gba, kò gbọ́dọ̀ dín ní 18 fún ọkọ̀ ọdún 1978, á sì di 27.5 tó bá fi máa di 1985. Ọkọ̀ tí GM ń tà nígbà náà gùn bí ọkọ̀ ojú omi, V8, ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́jọ, ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n gé àwọn kan kúrú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ ìjókòó ọkọ̀ ńlá kì í fẹ́ sọ̀kalẹ̀, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ fi ìyẹn bá oníbàárà rẹ̀ jà. Dísù ló wá dà bí ọ̀nà àbáyọ. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì tí kì í mu epo púpọ̀ sínú ọkọ̀ gbọ̀ngbọ̀nràn yẹn, kí ọ̀gá máa na ẹsẹ̀ bó ṣe ń nà án.

Láti yàwòrán ẹ́ńjìnnì dísù tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ á gba ọdún, á sì gba ẹ̀rọ tuntun nílé iṣẹ́. Oldsmobile sì ti ní ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kan tó gbajúmọ̀, V8 tó jẹ́ ìnṣì kúbíìkì 350, ìyẹn lítà 5.7. Irin dídà ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ó le dáadáa, àwọn tó ń lò ó ò kábàámọ̀ rẹ̀. Ihò písítìnì rẹ̀ fẹ̀ ní ìnṣì 4.057, písítìnì sì ń rin ìnṣì 3.385 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísù tó jáde fún ọkọ̀ ọdún 1978 ní ihò kan náà, ìrìn kan náà. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kí n tó máa bá ìtàn lọ, mo ní láti dúró díẹ̀, torí ibi tí ọmọkùnrin yẹn ti sọ pé “epo náà ni” gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Epo náà kọ́. Wọ́n ṣe bẹntiróòlù kó má tètè gbiná fúnra rẹ̀ ni, kó máa dúró de iná púlọ́ọ̀gì. Tó bá fi ìkánjú gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìgbà yẹn lẹ máa ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń dún bí ẹni mi ìṣó nínú agolo. Dísù yàtọ̀. Òun ni wọ́n ṣe kó tètè gbiná fúnra rẹ̀, kò sí ohun tó ń ṣáná sí i. Atẹ́gùn nìkan ni písítìnì ń fún, atẹ́gùn náà á gbóná débi pé bí nọ́súlù bá ti ń fín epo sí i báyìí, iná ti sọ. Ohun tí Rudolf Diesel ṣe ní Augsburg ní Jámánì nìyí, tí ẹ̀rọ rẹ̀ fi yege nínú ìdánwò ọdún 1897. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí, tó sì fọwọ́ kan ìdí pọ́ǹpù náà, ti mọ bí atẹ́gùn tí a fún mọ́lẹ̀ ṣe ń gbóná.

Báwo la ṣe máa fún un tó? Nínú V8 bẹntiróòlù Oldsmobile ìgbà náà, atẹ́gùn tó kún àyè mẹ́jọ ni písítìnì ń fún mọ́ inú àyè kan. Fún dísù, wọ́n gbé e dé 22.5. Nígbà tí a bá fún un tó bẹ́ẹ̀, ìgbóná atẹ́gùn inú sìlíńdà, ìyẹn ihò tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀, lè kọjá 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí epo tó dé rárá. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ péré la fún un, pàápàá láàárọ̀ tí irin ṣì tutù, dísù tẹ́ ẹ bá fín sí i á kàn lẹ̀ mọ́ ara sìlíńdà, díẹ̀ á sì bá ẹnu sàlẹ́ńsà jáde bí èéfín funfun. Ẹni tó bá yọ púlọ́ọ̀gì, tó fi nọ́súlù rọ́pò rẹ̀, tí kò sì ṣe nǹkan mìíràn, ẹ̀rọ tó ń fín epo dànù ló kàn ṣe.

Ọgbọ́n kan wà tó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ yìí kọjá. Ará Sweden kan, Jonas Hesselman, gbé e jáde ní 1925. Ó ń fín epo wúwo sínú sìlíńdà tí kì í fún atẹ́gùn púpọ̀, ó sì ń fi púlọ́ọ̀gì ṣáná sí i. Bẹntiróòlù ni wọ́n á fi jí i. Tó bá gbóná tán, wọ́n á yí i sí dísù. Ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń rú èéfín, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì máa ń dọ̀tí. Tí ẹnì kan bá fẹ́ fi èyí ṣeré lẹ́yìnkùlé rẹ̀, mi ò ní dá a lẹ́kun. Kì í ṣe dísù gidi, àmọ́ ó sún mọ́ ohun tí ọmọkùnrin yẹn ní lọ́kàn ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe mọ̀ lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Lansing. Àwọn kan máa ń sọ pé ńṣe ni GM kàn já kábúrétọ̀ sílẹ̀ tó gbé pọ́ǹpù sí i. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà ọ̀gá mẹkáníìkì pàápàá. Irọ́ ni. Ọ̀tọ̀ ni búlọ́ọ̀kù tí wọ́n dà fún dísù, wọ́n fi irin kún un. Kránkì rẹ̀, ọ̀pá tí písítìnì ń yí, nípọn: ibi tó ti ń yí nínú bẹ́ríìnì jẹ́ ìnṣì mẹ́ta, nígbà tí ti bẹntiróòlù jẹ́ ìnṣì méjì àbọ̀. Písítìnì yàtọ̀. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ọmọrí tó bò ó lórí, náà yàtọ̀. Yàrá kékeré kan wà nínú rẹ̀ fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, níbi tí iná ti ń kọ́kọ́ sọ kó tó tú jáde sórí písítìnì. Wọ́n fi púlọ́ọ̀gì amúgbóná sí i fún òwúrọ̀, wọ́n sì sọ bátìrì di méjì, torí bátìrì kan ò lè yí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ nígbà òtútù. Ẹni tó bá dojú ẹ́ńjìnnì náà délẹ̀, tó wo ìdí rẹ̀, á sọ pé àwọn èèyàn yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ọmọrí ni wọn ò kọbi ara sí.

Tọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan bo sìlíńdà mẹ́rin. Bóòtù mẹ́wàá ló so ó mọ́ búlọ́ọ̀kù. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí lórí ti bẹntiróòlù, iye kan náà, ojú ibi kan náà. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ pé dísù máa ń ti tọ́ọ̀pù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tó ń lu ihò nílé iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ fún ihò mẹ́wàá, tí wọ́n bá sì fẹ́ fi kún un, àfi kí wọ́n nawó sí ẹ̀rọ mìíràn. Wọ́n fi owó yẹn pamọ́.

Ìṣirò tí mo ní mo padà lọ ṣe nìyí. Ojú písítìnì náà fẹ̀ tó 83 tí a bá fi sẹ̀ńtímítà onígun mẹ́rin wọ̀n ọ́n. Ká ní nígbà tí iná bá sọ, ìtì tó wà nínú sìlíńdà oní-bẹntiróòlù jẹ́ kìlógíráàmù 40 lórí sẹ̀ńtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, kí ti dísù sì jẹ́ 70. Àpẹẹrẹ ni mo fi nọ́ńbà méjèèjì ṣe, wọn ò kàn jìnnà sí bó ṣe máa ń rí nínú irú ẹ́ńjìnnì wọ̀nyẹn ni. Bẹntiróòlù á fi nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3.3 ti tọ́ọ̀pù sókè. Dísù á fi 5.8 tì í. Ẹ jẹ́ ká kà á ní àpò símẹ́ǹtì, torí òun la mọ̀: 66 fún bẹntiróòlù, 116 fún dísù. Àpò 116 yìí, lábẹ́ ihò kan ṣoṣo ni, á sì fò sókè lẹ́ẹ̀ẹ̀gbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú kan tí kránkì bá ń yí ní 2,000. Bóòtù kan náà, ojú ibi kan náà.

Bóòtù irin dà bí rọ́bà tó le gan-an. Tí a bá fún un, ó ń nà díẹ̀, ó sì ń fẹ́ padà sí bó ṣe wà. Fífẹ́ tó ń fẹ́ padà yẹn gan-an ló ń di tọ́ọ̀pù mú. Tí nǹkan bá fà á kọjá ibi tó mọ, á nà pátápátá, kò sì ní padà mọ́. Ohun tó ṣe bóòtù Oldsmobile nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni tọ́ọ̀pù ń gbéra, ojú ò lè rí i, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín sì ń jẹ lọ lẹ́bàá ihò. Àwọn bóòtù mìíràn kán sí méjì. Níjọ́ tí gásíkẹ́ẹ̀tì bá wá já, omi radiétọ̀ á rọ́nà wọ inú sìlíńdà.

Ká ní ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ni, ọkọ̀ á máa rú èéfín funfun, ẹni tó ni ín á máa bú mẹkáníìkì rẹ̀, wọ́n á tún un ṣe. Ti dísù ò rí bẹ́ẹ̀. Omi ò ṣeé fún bí atẹ́gùn. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan nínú V8 yìí jẹ́ mìlílítà 717. Tí písítìnì bá dé òkè pátápátá nínú ti bẹntiróòlù, àyè tó ṣẹ́ kù lókè rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlílítà 102; omi díẹ̀ tó bá wọlé á rí ibi fara pamọ́ sí. Nínú ti dísù, àyè tó ṣẹ́ kù jẹ́ 33, ìyẹn ṣíbí ìjẹun ńlá méjì àti díẹ̀ lórí rẹ̀. Bí omi tó ju bẹ́ẹ̀ lọ bá wà lórí písítìnì nígbà tó ń gòkè bọ̀, kò síbi tó máa gbé e sí. Ọ̀pá písítìnì á tẹ̀, tàbí kí kránkì ṣẹ́. Bí bóòtù tí kò tó nǹkan ṣe ń sọ odidi ẹ́ńjìnnì di pàǹtí nìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé búlọ́ọ̀kù ni ò lágbára.

Iṣẹ́ ọwọ́ mẹkáníìkì tún dá kún un. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ti ń tú V8 Oldsmobile fún ogún ọdún, tí ọkọ̀ dísù yìí wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó rí ẹ́ńjìnnì tó jọ èyí tó mọ̀ dunjú. Ó tú tọ́ọ̀pù, ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, ó sì dá bóòtù tó ti nà padà sínú ihò wọn, bó ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ṣẹ́. Lórí bẹntiróòlù, kò sí láburú. Lórí dísù yìí, bóòtù tó ti nà lẹ́ẹ̀kan kò ṣeé lò mọ́, tuntun ló yẹ kó wọlé. Ọkọ̀ á sì tún padà wá pẹ̀lú àìsàn kan náà. Mi ò lè bá a wí púpọ̀. Èmi náà ti lo bóòtù tó ti nà rí, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọkọ̀ ẹni tó jẹ́.

Omi kejì gba ọ̀nà epo wọlé, èyí ló sì máa ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ìtàn yìí, torí ohun tí ì bá dènà rẹ̀ ò tó nǹkan. Omi máa ń wà nínú dísù. Àwọn awakọ̀ tírélà wa mọ̀ ọ́n láìlọ iléèwé kankan: kí wọ́n tó gbéra láàárọ̀, wọ́n á tú ìdí fíltà díẹ̀, omi tó ti sùn sísàlẹ̀ á ro dànù, torí omi wúwo ju dísù lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù Amẹ́ríkà náà ní ohun tó ń ya omi sọ́tọ̀. Nígbà tí ti Oldsmobile kọ́kọ́ jáde, wọn ò fi í sí i. Owó kékeré yẹn náà ni wọ́n tún fi pamọ́.

Pọ́ǹpù tí wọ́n lò ni Roosa Master, kékeré kan tó ń yí. Dísù tó ń gba inú rẹ̀ kọjá náà ni òróró rẹ̀, kò ní òróró mìíràn. Nígbà tí omi dàpọ̀ mọ́ òróró yẹn, irin tó tẹ́jú bíi dígí bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Àwọn tó ni ọkọ̀ wá ṣe ohun tí wọ́n mọ̀. Tí omi bá wọ táńkì bẹntiróòlù nígbà òtútù, àṣà wọn ni kí wọ́n ra ọtí kékeré kan nílé epo, ọtí ẹ̀rọ ni o, kì í ṣe ti ẹlẹ́mu, kí wọ́n dà á sí i kó lè gbé omi lọ. Wọ́n da ọtí náà sínú táńkì dísù. Ó jẹ òrùka rọ́bà kan nínú pọ́ǹpù títí ó fi fọ́ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ yẹn sì lọ dí ojú ihò tí epo ń gbà padà sí táńkì. Ọkọ̀ kú sójú títì. Ẹni tó fẹ́ wo ìgbẹ́ gbuuru ló fún aláìsàn ní májèlé yẹn.

Ṣéènì táímìn náà wà ńbẹ̀. Òun ló ń yí kámù, kámù ló sì ń yí pọ́ǹpù. Ṣéènì máa ń nà bó bá ṣe ń pẹ́. Lórí bẹntiróòlù, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Lórí dísù, ìgbà tí nọ́súlù ń fín epo ló ń sún kúrò lójú ibi tó yẹ, èéfín á pọ̀, agbára á dín.

Agbára pàápàá kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Agbára ẹṣin 120 ni nígbà tó kọ́kọ́ jáde, nígbà tí ti bẹntiróòlù oní-350 jẹ́ 170 lọ́dún kan náà. Láti 1980, wọ́n tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 105. Nínú ọkọ̀ tó sún mọ́ tọ́ọ̀nù méjì! Síbẹ̀ wọ́n gbé e sínú gbogbo nǹkan: Oldsmobile 88 àti 98, Buick, Pontiac, Chevrolet, títí kan Cadillac. Dísù yìí gan-an ni ẹ́ńjìnnì tí Cadillac Seville ọdún 1980 ń bá wá láìjẹ́ pé oníbàárà béèrè. Ọlọ́lá ra Cadillac, ó jókòó sínú rẹ̀, ó ń gbọ́ ìró tí a mọ̀ mọ́ mọ́lúè.

Ọjà náà kọ́kọ́ tà gan-an. Ìyípadà ìjọba ní Iran ní 1979 tún gbé owó epo sókè, àwọn èèyàn sì sáré wọ dísù. Ní 1981, nǹkan bí ọkọ̀ mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ló ń jẹ dísù, ti GM ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Tí a bá ka gbogbo rẹ̀ títí dé 1985, ó lé ní mílíọ̀nù kan. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ dé, epo dínwó, ìròyìn sì tàn kálẹ̀. GM tún búlọ́ọ̀kù ṣe, wọ́n kọ DX sí ara tuntun náà, ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ti bàjẹ́. Wọ́n dá a dúró lẹ́yìn 1985. Oldsmobile fúnra rẹ̀ kógbá sílé ní 2004, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe dísù nìkan ló pa á.

Nígbà tí mo dé ibí, ọmọkùnrin náà ní, “Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ń sọ pé kò ṣeé ṣe nìyẹn.”

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Volkswagen ṣe é. Ní 1976, wọ́n gbé dísù sínú Golf, inú ìdílé ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tí wọ́n ti ń lò ni wọ́n sì ti mú un jáde. Kò tó lítà kan àbọ̀, 1,471 ni tí a bá kà á ní mìlílítà, agbára ẹṣin 50. Ó dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ Rabbit kí ti Oldsmobile tó dé. Kì í ṣe pé kò ní àléébù tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣì ń rìn lójú títì fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ọmọkùnrin náà sún mọ́ mi. “Bóòtù mélòó ló wà lórí tọ́ọ̀pù tiẹ̀?”

Ìbéèrè tó yẹ kó béèrè gan-an nìyẹn. Mẹ́wàá ni. Sìlíńdà mẹ́rin, bóòtù mẹ́wàá, bíi ti Oldsmobile géérégé. Èyí ló jẹ́ kí n mú bírò. Ihò písítìnì Volkswagen yẹn fẹ̀ ní mìlímítà 76.5, ojú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ńtímítà onígun mẹ́rin 46. Mú 70 tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ fún dísù lẹ́ẹ̀kan, sọ ọ́ di ọ̀nà 46: tọ́ọ̀nù 3.2. Iye tí bẹntiróòlù fi ń ti tọ́ọ̀pù Oldsmobile láti ọjọ́ yìí ni, tí bóòtù mẹ́wàá ibẹ̀ sì ń gbé láìsí wàhálà. Àwọn ará Jámánì mú ihò kékeré, ẹrù tí bóòtù wọn gbà kò ju ohun tí bóòtù mẹ́wàá lè rù lọ. Àwọn ará Lansing mú ihò ńlá, wọ́n sì retí pé kí bóòtù mẹ́wàá ṣe iṣẹ́ ogún. Nígbà tí GM kan náà wá yàwòrán dísù V8 mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù, lítà 6.2 tó jáde ní 1982, bóòtù 17 ni wọ́n fi de tọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì yẹn ni wọ́n gbé sínú ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, HMMWV. Ẹ̀kọ́ náà ti yé wọn nígbà yẹn.

Nǹkan kan wà tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí. Nígbà tí nǹkan dàrú, ọ̀pọ̀ tó ni ọkọ̀ yọ dísù náà, wọ́n gbé V8 bẹntiróòlù Oldsmobile sí ojú ibi tó wà. Nítorí pé inú ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá, ó jókòó bí ẹni padà sílé. Ẹ́ńjìnnì dísù wá kún ilé pàǹtí. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré fún ìgbádùn ló kọ́kọ́ rí ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù rẹ̀, pàápàá èyí tó ní DX lára, wọ́n fi tọ́ọ̀pù bẹntiróòlù dé e, wọ́n lu ihò rẹ̀ fẹ̀ sí i, wọ́n gba kránkì tó ń rìn jìnnà sí i. Irin rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tó lè gba gbogbo ìyẹn. Ìkòkò tí gbogbo ayé ń bú pé kò lágbára ló wá di èyí tí wọ́n ń wá káàkiri. Nítorí náà, tí ẹ bá pàdé ẹni tó ń fi dísù Oldsmobile ṣeré lónìí ní Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ńṣe ló ń sọ dísù di bẹntiróòlù.

“Èmi náà wá ṣe ńkọ́?” ọmọkùnrin náà béèrè.

Mo sọ fún un pé tó bá jẹ́ gáàsì CNG ló ní lọ́kàn, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 nìyẹn. Gáàsì náà ń dúró de púlọ́ọ̀gì, kò ní kí ẹ pààrọ̀ inú ẹ́ńjìnnì, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, tó ní ìwé àṣẹ, ṣáà ti ṣe é, torí ìtì inú ìgò gáàsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ó ní rárá, dísù ni. Ó ti wọ̀ ọ́ lára.

Mo ní ó dáa, kó lọ tú tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnnì yẹn, kó fi tépù wọn ihò písítìnì, kó sì wo ohun tí wọ́n fi ṣe búlọ́ọ̀kù rẹ̀ dáadáa. Kó ka bóòtù rẹ̀. Kó mú ìṣirò padà wá fún mi, ká jọ wò ó.

Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn iṣẹ́, ó padà dé. Ó ti kọ ọ́ sẹ́yìn páálí gásíkẹ́ẹ̀tì: ihò rẹ̀, mìlímítà 88 àti àbọ̀, ojú písítìnì, 61, tó bá jẹ́ dísù, tọ́ọ̀nù 4.3; bóòtù, mẹ́wàá. Alumíníọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù. Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà, mo yìn ín. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò, ó kó bóòtù méjì lé orí tábìlì mi. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, lápá ibi tí ooru ti ń pọ̀ jù, ló ti tú wọn. Ó ní wọn ò le rárá nígbà tí òun fi sípánà sí wọn, wọ́n kàn ń yí ni. Tírẹ́ẹ̀dì alumíníọ̀mù ti já tán nínú ihò, ó wé mọ́ bóòtù méjèèjì lára bí okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́.

“Ìdí tí wọn ò ṣe rà á nìyí,” ó ní. Ó yí bóòtù kan síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná. “Bẹntiróòlù nìkan ló sì ṣe èyí o, ẹ̀gbọ́n.”